Lẹ́tà Onígi Tó Ti Inú Ọ̀sà Bọ̀

Lìdíà, ọmọ ọ̀gá mi, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe mí níbi láyé yìí. Mo dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mò ń fi nǹkan pamọ́. Gbólóhùn kan péré ló sọ lójú baba rẹ̀, èmi sì gbé gbólóhùn náà kiri ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́, bí ẹni tó ru ẹrù tí kò rí ẹni bá a sọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn náà ṣẹ̀ mí yàtọ̀ sí i. N ó mẹ́nu kàn wọ́n bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń ro ohun tí aráyé yóò wí.

Mọ́ríámọ̀, ọmọ ọmọ mi, ló fa ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ó ń ronú iṣẹ́ tí yóò kọ́, ó wá bi mí bóyá iṣẹ́ ìwé títẹ̀ dára fún obìnrin. Mo ní kó fún mi ní ìwé àti kálàmù, kó sì padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kà á, kí wọ́n fúnra wọn yàn.

Àwáwù ni orúkọ mi. Ọmọdé ni mí lọ́dún tí àwọn ènìyàn wa kó sínú ọkọ̀ kúrò ní Èkó, tí wọ́n wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ààfáà ni baba mi. Yàtọ̀ sí kíkọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, òun náà ló ń gbẹ́ wàláà, pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi ewé eépín dán pátákó náà títí kò fi ní ha ọwọ́ mọ́. Níbi tí mo ti ń dán an ni mo ti ń ka ohun tó wà lára rẹ̀, baba mi kò sì lé mi. Kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó mọ ojú ìwé, èmi ti mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin Sàró kan wà ní Ìkòròdú nígbà náà tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan tí a ń fi ọwọ́ fà. Bàbá Òǹtẹ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é. Lẹ́tà òjé tó kó bọ̀ láti Sàró kéré jọjọ, wọn kò ṣe é kà láti òkèèrè. Ó ń wá ẹni tí yóò máa gbẹ́ lẹ́tà ńlá láti ara igi. Ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́, ó mú wàláà kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó ní, "Ààfáà, ta ló dán èyí?" Baba mi nawọ́ sí mi. Àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe lẹ́yìn náà kò kan ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ará ilé wa pariwo pé wọ́n fẹ́ sọ mí di onígbàgbọ́. Baba mi dáhùn pé igi ni wọ́n ní kí n gbẹ́, wọn kò ní kí n gbẹ́ ẹ̀sìn. Ẹ̀gbọ́n baba mi kan tún sọ pé kò sí ọkùnrin tí yóò fẹ́ obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún yíǹkì. Mo fẹ́ ọkọ, mo sì bí ọmọ mẹ́rin fún un. Ẹ̀gbọ́n baba mi ti kú kí ó tó rí wọn. Ó dùn mí.

Nígbà tí mo dé Ìkòròdú, mo rò pé ọ̀bẹ ni wọ́n ó kọ́kọ́ fún mi. Okùn ni wọ́n fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí a bá to lẹ́tà jọ tán lórí pátákó, wọn kò lẹ̀ mọ́ ara wọn. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń dì wọ́n yíká, kí wọ́n má baà fọ́n ká kí a tó gbé wọn dé orí ẹ̀rọ. Odidi ọdún kan ni mo fi so okùn, n kò ṣe nǹkan mìíràn àfi kí n gbálẹ̀. Bàbá Òǹtẹ̀ yóò gbé ohun tí mo dì sókè, yóò gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn asẹ́.

"Àwáwù, kí ló já bọ́ yẹn?"

"Lẹ́tà kan ni, sà."

"Lẹ́tà kan kọ́. Orúkọ oníbàárà mi ló já bọ́ sílẹ̀ yẹn. Tú gbogbo rẹ̀. Tún un dì."

Kò nà mí rí. Kò gbé ohùn sókè sí mi rí. Ì bá sàn kó nà mí, nítorí ẹgba a máa tán lára, ṣùgbọ́n ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn a máa bá mi dé orí ẹní. Ó kọ́ mi láti fi orí okùn pamọ́ sábẹ́ igun, kí ó yí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò wá ibi tí wọ́n ti ń tú u tì. Nígbà tí ọdún náà parí, ó gbé ìdè mi, ó gbọ̀n ọ́n, ó yí i dojú dé, kò sí ohun tó bọ́. Kò yìn mí. Ó kàn ju ọ̀bẹ síwájú ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n wá igi àyán lọ.

Lẹ́tà tí a ó fi tẹ̀wé, ojú òdì la ń gbẹ́ ẹ, kí ó lè hàn bó ṣe yẹ lórí ìwé. Èyí a máa da orí àwọn ọmọ iṣẹ́ rú. Èmi tí mo ti ń kàwé láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì láti kékeré, n kò rí ìṣòro kankan nínú rẹ̀. Lìdíà náà gbìyànjú láti kọ́ ọ, nítorí baba rẹ̀ kò ní ọmọkùnrin. Ó gbẹ́ lẹ́tà méje, gbogbo wọn kọjú sí ibi tí kò yẹ. Bàbá Òǹtẹ̀ kó wọn sínú iná tí ìyá Lìdíà fi ń se oúnjẹ, kò sì ní kó gbẹ́ òmíràn mọ́. Mo rí ojú Lìdíà lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n ti rántí ojú yẹn.

Lẹ́tà wa tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ga, ìdí sì wà fún un. Ara òpó àtíbàbà ọjà Èjìnrìn la ń kan ìwé ìkéde wa mọ́. Òpó náà kò fẹ̀ ju ìwọ̀n ọwọ́ méjì tí a tẹ́ síra lọ, nítorí náà lẹ́tà kò gbọdọ̀ gba àyè. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ̀ nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rí i kí wọ́n tó gúnlẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ga, kó ki, kó sì dúdú bíi kóró iṣin. Bàbá Òǹtẹ̀ ní kí n máa wo lẹ́tà bí èrò inú ọkọ̀ tó kún, tí gbogbo wọn dìde dúró, tí kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti na apá. Bí mo ṣe gbẹ́ wọn nìyẹn. O mi kì í ṣe róbótó, ó gùn bí ojú abẹ́rẹ́. M mi pa ẹsẹ̀ pọ̀ bí ìyàwó tuntun.

Bí mo bá parí ọ̀kan, ọ̀gá mi yóò bọ́ fìlà, yóò fi ojú lẹ́tà náà ra orí rẹ̀ tó pá. Bó bá ha á, ó di ewé eépín nìyẹn. Àwọn aládùúgbò a máa dúró wò ó, wọ́n á ní Bàbá Òǹtẹ̀ ń fi A fá orí.

Ìyá Lìdíà ni ẹnì kejì tí mo ní láti mẹ́nu kàn níhìn-ín. "Ìmàle Ẹ̀pẹ́, má fi ọwọ́ dúdú yẹn kan ìkòkò mi," èyí ni ìkíni àárọ̀ rẹ̀ sí mi. Ó ya àwo mi sọ́tọ̀. Ó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà fún àwọn àlejò rẹ̀ pé mò ń kírun sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Lìdíà ló ń jí ẹja inú ọbẹ̀ fún mi, ó ń fi ewé dì í wá sẹ́yìn ilé. A jọ ń jẹ ẹ́, a jọ ń rẹ́rìn-ín ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ohun tó ṣe fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀, ẹja yẹn ni ìdí rẹ̀.

Nígbà tí lẹ́tà pé, méjì-méjì láti A dé ìparí, Bàbá Òǹtẹ̀ sọ pé bí a bá ti lọ sí Èjìnrìn tí a fi wọ́n tẹ orúkọ àwọn oníṣòwò sára àgbá epo wọn, n ó gba òmìnira. A kó wọn sínú àpótí pẹ̀lú férémù irin tí a fi ń há wọn. Èmi àti Lìdíà la jọ lọ, nítorí ó fẹ́ ra aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ní ọjà náà. Iṣẹ́ lọ dáadáa. Àwọn oníṣòwò fi ọwọ́ kan orúkọ wọn lára àgbá, wọ́n ní kí n má jẹ́ kó parẹ́.

Ní ìgbà tí à ń padà bọ̀, èmi ni mo so àpótí náà mọ́ igi tó dábùú inú ọkọ̀. Mo so ó bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo mì í, kò mì. Ọ̀sán ni. A ti ń rí igi àgbọn Ìbẹ̀ṣè níwájú nígbà tí afẹ́fẹ́ dìde láti ìhà òkun, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fò wọlé.

"Ẹ gbọ́n omi! Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ gbọ́n omi!" Bàbá atukọ̀ ń kígbe.

Mo mú igbá, mo lọ sí iwájú ọkọ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mò ń gbọ́n. Mo gbọ́ tí nǹkan wọ́ gììrì lẹ́yìn mi. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́. Nígbà tí mo fi máa yíjú, àpótí ti wọ omi. Férémù irin fà á lọ sísàlẹ̀, ìdérí rẹ̀ ṣí, lẹ́tà mi sì ń yọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan bí àkàrà ṣe ń léfòó nínú epo. Ìgbì ń gbé wọn lọ. Mo na ọwọ́ títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn lọ. Bàbá atukọ̀ ló fi ìró mi fà mí padà. Agbọ̀n tí mo kó irinṣẹ́ mi sí ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lìdíà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ìgbẹ́gi mi kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Mo rò pé òun náà ti bá omi lọ. Lìdíà jókòó lórí ẹrù aṣọ rẹ̀, ó di etí ọkọ̀ mú títí a fi gúnlẹ̀.

Bàbá Òǹtẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa lórí ìdúró.

"Ta ló so àpótí?"

"Èmi ni, sà."

"Báwo ló ṣe wá bọ́?"

Mo ní n kò mọ̀, pé omi ni mò ń gbọ́n. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Lìdíà wo ilẹ̀, ó ní, "Okùn rẹ̀ ló tú, Bàbá. Mo rí i."

Gbólóhùn náà nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ ti pàtẹ́wọ́. "Ṣé mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́?" Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò wò ó. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Ọdún kan gbáko ni mo fi kọ́ ọ ní okùn, Àwáwù. Ẹni tí ìdè rẹ̀ tú kò tíì kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá pé padà ni kí o wá bá mi sọ̀rọ̀ òmìnira."

N kò lè jà, nítorí n kò mọ̀. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bí wọ́n bá ní mo jalè, mo mọ̀ pé n kò jalè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo kọ sí i. Bóyá mo gbàgbé láti fi orí okùn pamọ́. Bóyá ìkánjú ọjà ló mú mi. Okùn ti wọ ọ̀sà, kò sẹ́ni tí yóò lọ wò ó.

Mo lọ sí Ìbẹ̀ṣè láti wá lẹ́tà mi. Ní etí ọ̀sà, mo rí obìnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe. Lára okùn òkè àwọ̀n náà, níbi tí wọ́n ń so igi mọ́ kí àwọ̀n má baà rì, mo rí E mi, mo rí H mi, mo rí S. Wọ́n ti dì wọ́n ní ìbàdí mọ́ okùn bí ẹni de ewúrẹ́.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ni igi tó wà lára àwọ̀n yín yẹn."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Àṣé ìwọ lo ni ọ̀sà?"

"Rárá, ìyá. Lẹ́tà ni. Òun la fi ń tẹ̀wé."

"Lẹ́tà kẹ̀! Èyí tó dà bí òòyà yìí?" Ó gbé E sókè kí gbogbo ará etí ọ̀sà rí i. "Láti ìgbà tí mo ti so ó, ó ti bá mi pa ẹja ju ọkọ mi lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ọkọ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí iyanrìn, mo sunkún. Nígbà tí ó rí i pé ẹkún mi kò tán, ó ní kí n gbẹ́ igi mìíràn wá fún òun, kí n mú tèmi. Ọ̀rọ̀ náà tàn láti ilé dé ilé. Gbogbo apẹja tó ti he lẹ́tà mi ní kí n gbẹ́ igi méjì fún òun kí òun tó tú ọ̀kan. Mo yá ọ̀bẹ, mo sì gbẹ́ igi àwọ̀n ní Ìbẹ̀ṣè láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dé. Ilé obìnrin náà ni mo sùn sí. Nínú àwo kan náà lèmi àti òun ti ń jẹun. Ìyá Aláwọ̀n ni mo ń pè é, n kò sì ní gbèsè ìbínú kankan sí i.

Lẹ́tà pé. Ṣùgbọ́n irú wo ni wọ́n dà! Omi iyọ̀ ti jẹ ojú wọn, oòrùn ti là wọ́n, okùn àwọ̀n sì ti gbẹ́ ojú ọ̀nà yíká ìbàdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá Òǹtẹ̀ bọ́ fìlà, ó fi A ra orí, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Lẹ́tà ti pé," ni ó wí, "ṣùgbọ́n wọ́n ti kú."

Kò sọ̀rọ̀ òmìnira. Mo kó wọn sínú àpò, mo gbé wọn sí kọ̀rọ̀. Mò ń fọ lẹ́tà òjé, mò ń gbálẹ̀, mo padà sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni Lìdíà ṣègbéyàwó, ó ń lọ sílé ọkọ ní Èkó. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí yóò lọ, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé nínú aṣọ Èjìnrìn yẹn. Ó ní, "Àwáwù." Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó ń lọ. Mo ti dá ara mi lẹ́bi fún ìyẹn náà, ẹ fi kún un.

Lẹ́yìn èyí ni ogun ká Ìkòròdú mọ́. N kò ní ròyìn ogun, àwọn tó jà á ti ròyìn rẹ̀. Ohun tó kàn mí ni pé ọta ìbọn tán nílùú, wọ́n ń wá òjé kiri. Bàbá Òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ru àpótí lẹ́tà òjé rẹ̀ lọ fún wọn. Mo tẹ̀ lé e. A jọ dúró níbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ nínú ìkòkò. Àwọn lẹ́tà kéékèèké náà wà lójú omi òjé fún ìgbà díẹ̀, ó ṣe é kà, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Ọ̀gá mi bọ́ fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ bí ẹni tó dúró ti sàréè.

Nígbà tí ogun tú, ọ̀nà là, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn gbà pé kò sí nǹkan kan mọ́ ní Ìkòròdú. Àwọn àgbà ìlú wá bá Bàbá Òǹtẹ̀ pé kó bá àwọn tẹ ìwé tí wọn ó lọ kàn mọ́ òpó ọjà. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Kí la ó fi tẹ̀ ẹ́?"

Mo lọ sí kọ̀rọ̀, mo da àpò mi sílẹ̀.

Mo to ỌNA TI LA. Mo dì í. Mo tún un dì lẹ́ẹ̀kejì lórí ìdè àkọ́kọ́, nítorí ojú ọ̀gá mi ń wò mí. Mo fi ìrọ̀rí aláwọ lu yíǹkì sí i, a fa ẹ̀rọ. Nígbà tí mo ṣí ìwé, ojú tì mí. Lẹ́tà dúdú, wọ́n ga, ṣùgbọ́n ìlà funfun kan gba ìbàdí gbogbo wọn kọjá níbi tí okùn àwọ̀n ti jẹ wọ́n, ara wọn sì sán bíi gìgísẹ̀ nínú ọyẹ́. Yíǹkì kò dé igun mìíràn rárá. Mo fẹ́ fà á ya. Bàbá Òǹtẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó nà án jìnnà sí ojú rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì.

"Fi sílẹ̀," ni ó wí. "Ó jọ wá."

Èmi ni mo bá wọn lọ kàn án ní Èjìnrìn. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti ìhà Ẹ̀pẹ́, ìyá àgbàlagbà kan tí kò mọ A yàtọ̀ sí igi dáná dìde dúró láàárín rẹ̀, ó nawọ́, ó ń ké: "Ìwé Bàbá Òǹtẹ̀ nìyẹn! Ẹ wò ó, gbogbo ara rẹ̀ ti bó! Ìkòròdú ò tíì run o!" Ọkọ̀ míì gbọ́, ó gbé ìròyìn náà lọ fún èyí tó wà lẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà, lẹ́tà yẹn ni wọ́n ń béèrè. Nígbà tí òjé tuntun dé láti òkè òkun, tó ń dán, àwọn oníbàárà ní kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, onílà funfun làwọn fẹ́. Bàbá Òǹtẹ̀ pe ènìyàn jọ, ó ní òun fún mi ní òmìnira. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì gbàdúrà. Nínú gbogbo àdúrà tó wà láyé, èyí tó rí ṣe ni pé, "Olúwa, fún ọmọ yìí ní ìdè tó le." Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Ó nífẹ̀ẹ́ mi, mo mọ̀. Ó kú láì yí èrò rẹ̀ padà lórí okùn náà.

Ó fi ẹ̀rọ àtijọ́ náà sílẹ̀ fún mi. Mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀sà, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣiṣẹ́ títí ojú mi fi kọ̀. Mo rí ìgbà tí róòlù tí ń yí yíǹkì sára lẹ́tà gba ipò ìrọ̀rí aláwọ. Mo rí ẹ̀rọ tí ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tí ìwé ń fò jáde bí eṣú. Mo ra èyí tí agbára mi ká, n kò bú èyíkéyìí nínú wọn. Atẹ̀wé kan láti Èkó wọlé tọ̀ mí wá, ó gbé lẹ́tà mi wò, ó ní, "Màmá, lẹ́tà yín ti rà o." Mo ní, "Ojú tìẹ náà ń bọ̀ wá rà." Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó padà wá, ó ti fi ìṣó ha lẹ́tà òjé tirẹ̀ kiri kó lè jọ tèmi, kò jọ ọ́. Ó bẹ̀ mí kí n sọ bí mo ṣe ṣe é. Mo ní kó lọ bi ẹja.

Ṣùgbọ́n ohun kan kò yí padà. Láti ọjọ́ ỌNA TI LA, n kò di lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè mí ní Ìyá Onídè Méjì lẹ́yìn mi, mo sì gbọ́ ọ. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn, n ó padà lọ tì í wò. Bí mo bá fi ọjá pọn ọmọ, n ó ní kí ẹlòmíràn bá mi wo ìdí rẹ̀. Mọ́ríámọ̀, o bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára. Iṣẹ́ náà dára. Ọwọ́ tí n kò gbà gbọ́ mọ́ ni mo fi ṣe é.

Lìdíà wá nígbà tí àwa méjèèjì ti darúgbó. A ti kírun àsárì tán, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo rí arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀ láti ibi ọkọ̀, aṣọ opó lọ́rùn rẹ̀. Orí baba rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀ lára rẹ̀.

"Ìmàle Ẹ̀pẹ́," ni ó wí.

"Ọmọ Sàró. O ò tíì kú?"

"Mò ń dúró dè ọ́ ni." Ó jókòó láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó. Ó fa ewé kan yọ nínú àpò, ẹja sísun ni. Ó ní òun rà á, òun kò jí i. N kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbà á.

Ó ní ìjọ wọn fẹ́ ṣe ìrántí baba òun, òun sì fẹ́ kí n tẹ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé. Mo ní òjé dídán wà. Ó ní rárá, lẹ́tà tó ti inú ọ̀sà bọ̀ yẹn lòun bá wá. Mo kó wọn jáde. Ó mú A, ó fi ìka rẹ̀ tọ ojú ọ̀nà tí okùn àwọ̀n gbẹ́ sí i, yíká, yíká. Mo to orúkọ ọ̀gá mi. Mo dì í. Mo fi orí okùn pamọ́ sábẹ́ igun. Mo tún mú okùn kejì.

"Ìdè kejì yẹn, kí ni ti ẹ̀?" Lìdíà bèèrè.

"Ìwọ lo kọ́ mi."

Mò ń dì í lọ. N kò wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni mo rí i pé ó ti na ọwọ́, ó gbé e lé ọwọ́ mi lórí okùn náà.

"Jù ú sílẹ̀, Àwáwù," ni ó wí. "Okùn rẹ ò tú lọ́jọ́ yẹn. Omi ti fẹ́ gbé aṣọ mi, mo fẹ́ fi okùn yẹn so ó. Mo tú u títí èékánná mi fi ya, kò tú. Ọ̀bẹ rẹ ni mo fi gé e."